Irun mi gùn, mo sì fẹ́ wọ òkun: kí ni kí n ṣe sí i?

Ọmọ Ẹkímọ̀gún:
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè ni mo bá wá, mo sì mọ̀ pé àwọn àǹtí tó mọ̀ nípa irun pọ̀ níbí. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lọ ṣe píkíníìkì ní Ararọ̀mí létí òkun lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, láti Oǹdó níbí la ti máa gbéra ní ìdájí, a sì máa sùn mọ́jú níbẹ̀. Èmi ò fẹ́ jókòó sórí yanrìn kí n máa wo àwọn ẹlòmíì, mo fẹ́ wọ inú omi, mo fẹ́ ri orí mi bọ̀ ọ́. Irun mi nìkan ló ń kó mi láyà sókè. Nátúrà ni, rìlásà ò kàn án rí, tí ẹ bá fà á ó dé àárín ẹ̀yìn mi, ṣùgbọ́n ó tètè máa ń gbẹ, ó sì máa ń ta kókó bí nǹkan míì.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ di àtáṣímẹ́ǹtì lé e kó lè bò ó, màmá mi ní kí n lọ fi òwú kó o, ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní kí n ṣáà fi òrí kùn ún dáadáa, pé kò sóhun tó máa ṣe é. Ta ni kí n gbọ́ nínú wọn? Ṣé òótọ́ ni pé omi òkun máa ń jẹ irun? Kí ni mo máa ṣe kí n tó wọlé, kí ni mo máa ṣe tí mo bá jáde? Ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n má wẹ̀ o, mo ti pinnu.

Onídìrí Ọjà Ọba:
Àbúrò mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Àkúrẹ́ ni mo wà, irun ni mo sì ń dì jẹun, torí ẹ̀ kò yẹ kí n máa lé oníbàárà, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ẹ má di àtáṣímẹ́ǹtì tuntun nítorí òkun. Àtáṣímẹ́ǹtì fúnra ẹ̀ rọ́bà ni, kò sóhun tí omi máa fi ṣe, àmọ́ irun tiyín tó wà nínú ẹ̀ ń mu omi iyọ̀, iyọ̀ ọ̀hún ò sì rọ́nà jáde mọ́, ẹ máa fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, òkè lásán lẹ ń fọ̀. Yanrìn á lọ kó sídìí ìdì kọ̀ọ̀kan, abẹ́ ẹ̀ ò ní gbẹ bọ̀rọ̀, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta ẹ̀yin fúnra yín á máa gbóòórùn orí yín. Tó bá tún rin gbingbin báyìí ó máa ń wúwo, á wá máa fa irun iwájú orí, irun iwájú tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò tiẹ̀ ní tó mọ́ (ẹ bínú sí mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, orí yín ni mò ń rí lójoojúmọ́).

Tẹ́ ẹ bá jókòó síwájú mi, irun yín lásán ni màá dì, láìfi nǹkankan kún un, ńlá ńlá, kì í ṣe wẹ́wẹ́, mi ò sì ní jẹ́ kó le. Kòlẹ́sẹ̀ ló dáa jù lójú tèmi torí pé ẹnu irun máa wọlé sábẹ́ níbi ìpàkọ́, atẹ́gùn ò ní rí nǹkankan gbá mú. Ṣùkú náà dáa fún ẹni tírun ẹ̀ mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n irun tó gùn tó tiyín tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ jọ sáàárín orí, kò sí fìlà tó máa wọ̀ ọ́. Ẹnu irun yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ o. Òun ló pẹ́ jù láyé nínú irun, òun ni ojú ẹ̀ ti rí gbogbo òòrùn àti gbogbo ìyàrun, òun náà ló sì máa kọ́kọ́ já.

Ọmọ Kẹ́mísìrì FUTA:
Ẹ jẹ́ kí n mú apá ibi tí wọ́n ti ní ṣé omi òkun máa ń jẹ irun. Kì í jẹ ẹ́. Lítà kan omi òkun ní iyọ̀ tó tó gíráàmù 35, tẹ́ ẹ bá wá bù ú kún ọ̀rá píò wọ́tà kan, iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀ á tó ṣíbí tíì mẹ́ta. Nígbà tí òòrùn bá gbẹ ẹ́ lórí yín, omi ló lọ o, iyọ̀ ò lọ, á dì mọ́ ara irun, á sì máa fa ọ̀rinrin tó kù nínú ẹ̀ jáde. Ara irun kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tó tò léra wọn bíi ti ẹja, ojú lásán ò lè rí i. Tí ìpẹ́ yẹn bá sùn sílẹ̀ irun á máa dán, á máa yọ̀ lọ́wọ́, tó bá dìde á máa kọ́ ara wọn. Iyọ̀ àti gbígbẹ ló máa ń gbé e dìde. Ẹ wá fi yanrìn kún un, kẹ́ ẹ tún ki ìyàrun bọ̀ ọ́.

Òòrùn tiẹ̀ lè burú ju iyọ̀ lọ, torí pé iyọ̀ ṣeé fọ̀ kúrò. Ìtànṣán òòrùn tí wọ́n ń pè ní UV máa ń já purotéènì inú irun, ó sì ń ṣá dúdú ẹ̀, ìyẹn ló fà á tí ẹnu irun àwọn tó ń fi gbogbo ọjọ́ wà nínú òòrùn fi máa ń pọ́n. Èyí tó bá sì ti bàjẹ́, kò sí ìpara tó máa wò ó sàn, ẹ̀mí ò sí nínú irun tó ti jáde lórí, ìpara kàn lè bá wa tẹ́ ìpẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí irun yín ti yó kó tó dé òkun. Irun lè mu omi tó súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara ẹ̀, tó bá ti mu omi mímọ́ yó, ibi tó kù fún omi iyọ̀ á kéré. Ẹ da omi lé e títí á fi rin, lẹ́yìn náà ẹ fi àdí àgbọn pa á láti ìdí dé ẹnu. Àdí àgbọn ni mo pè é o, kì í ṣe gbogbo òróró. Irú ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní lauric acid ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kó lè wọ inú irun lọ, ara irun lóde ni púpọ̀ nínú àwọn òróró yòókù máa ń jókòó sí. Ìwádìí kan jáde ní 2003 tí wọ́n ti fi àdí àgbọn wé òróró sunflower àti òróró tí wọ́n ń rí látara epo rọ̀bì, àdí àgbọn nìkan ló dín purotéènì tí irun ń sọ nù kù. Àdín tí àwọn màmá wa ń ṣe látara ekùrọ́ náà kún fún lauric acid yìí, ṣùgbọ́n òórùn ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sí níbẹ̀ o.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀:
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, gbogbo ẹ̀ kẹ́mísìrì. Ìyá ọmọ yìí ò ṣìsọ o. Irun kíkó ni kó lọ ṣe. Tí wọ́n bá fi òwú wé irun láti ìdí dé ẹnu, atẹ́gùn ò lè ta á kókó, yanrìn ò níbi wọ̀, tó bá sì gbẹ kò ní súnkì wálẹ̀ di nǹkan tí èèyàn á máa bá ìyàrun jà lé lórí. Àwa tí wọ́n kó irun fún nílé ìwé nígbà yẹn, ṣé irun wa ò gùn ni? Kí wọ́n fi òrí kùn ún kí wọ́n tó kó o. Ó parí.

Onídìrí Ọjà Ọba:
Màmá, ẹ ṣeun, a ò lè sọ pé ẹ parọ́. Irun kíkó mo fara mọ́ ọn, àwọn oníbàárà mi tí wọn ò fẹ́ kí iná kàn irun wọn, òwú ni mo fi ń na irun wọn. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ sọ sí i. Òwú rọ́bà ni wọ́n sábà máa fi kó o lóde báyìí, ó sì dáa torí kì í mu omi, ṣùgbọ́n irun tó bá tutù máa ń fà ju irun gbígbẹ lọ, ó sì yá a láti já, ẹ ẹ́ wá rí i pé òwú tó fún le tẹ́lẹ̀ á máa gé e nínú omi. Tó bá máa jẹ́ kíkó, kó má fún, kí wọ́n sì gé òwú náà jù nù tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má tú u láti lò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ti òrí yìí ni mi ò gbà, ẹ dárí jì mí màmá. Òrí nípọn. Ẹ fi òrí pa ọwọ́ yín kẹ́ ẹ kì í bọ inú yanrìn, kẹ́ ẹ wá gbọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa kúrò. Òrí àti jẹ́ẹ̀lì, ilé ni kí wọ́n wà títí ẹ ó fi dé. Àdí tó fẹ́lẹ́ yẹn tó.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀:
Hmm. Ti yanrìn yẹn, mo gbà fún ẹ níbẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ:
Ararọ̀mí tí mo rí lókè ló jẹ́ kí n yà. Ẹ máa gbádùn ibẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín tó sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: omi tẹ́ ẹ máa fi ṣan irun yín ńkọ́? Ẹ̀yin ará òkè rò pé ibi tí omi bá ti pọ̀ lomi wà. Lọ́dọ̀ wa, omi ló yí wa ká lọ́tùn-ún lósì, ẹ ò sì ní rí èyí tẹ́ ẹ máa mu. Omi òjò la ń gbè sínú dúrọ́ọ̀mù, òun la ń mu, òun la fi ń sebẹ̀, kò sí ẹni tó máa fún àlejò ní garawa omi òjò kan kó máa dà á sórí (tó bá fún yín, ọjọ́ burúkú tiẹ̀ nìyẹn). Ẹ má sì rò pé ẹ máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nínú omi òkun, ọṣẹ kì í hó níbẹ̀, ńṣe ló máa ń di pálapàla funfun sára irun. Kódà omi kànga láwọn ibòmíì létí òkun, ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó dà á sórí.

Nítorí náà ẹ ra píò wọ́tà dání, ẹ yọ tiyín sọ́tọ̀ sí èyí tí gbogbo èèyàn máa mu. Tẹ́ ẹ bá ti jáde nínú òkun, kẹ́ ẹ tó jókòó, kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, ẹ fi eyín ya ọ̀rá, ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìdì kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó ṣàn dé ẹnu irun. Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ gbẹ lórí yín rárá. Bẹ́ ẹ bá fi máa padà wọlé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó ṣe máa ṣan án. Ẹ má yà á níbẹ̀ o. Mo ti rí àwọn àlejò láti Àkúrẹ́ tí wọ́n jáde nínú omi tí wọ́n mú ìyàrun, tí irun ń já sílẹ̀ lójú wọn tí wọ́n ṣì ń fà á.

Àti pé, ẹ dákun, òkun wa yìí lágbára. Kì í ṣe ọ̀sà o. Òun náà ló ń kó ilé lọ ní Ayétòrò, ìlú táwọn bàbá wa tẹ̀ dó ní 1947. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀, kẹ́ ẹ má sì kọjá ibi tí omi dé ìbàdí yín. Tó bá fẹ́ gbé yín lọ, ẹ má bá a jà, ẹ rọra lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ títí tó máa fi tú yín sílẹ̀.

Sísì Alágbàká:
Ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Rìlásà ni mo wà, mo sì fẹ́ rìtọ́ọ̀ṣì kí n tó lọ sí bíìṣì lÉkòó kírun mi lè dáa nínú fọ́tò. Ṣé ó lè ṣe nǹkan?

Onídìrí Ọjà Ọba:
Ẹ má fi méjèèjì sínú ọ̀sẹ̀ kan náà o! Rìlásà ti gbé ìpẹ́ tí ọmọ kẹ́mísìrì ń sọ yẹn dìde, ó ti já okun inú irun kó lè nà, òun náà ló sì máa ń dá egbò tóóró sórí tí èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ tí omi iyọ̀ bá kàn án lẹ ẹ́ mọ̀. Ẹ fi irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù yẹn sílẹ̀ títí ẹ ó fi dé, ẹ wé e, ẹ wọ akẹtẹ̀ lé e, fọ́tò á jáde dáadáa.

Dàdá Àrákàlẹ̀:
Ẹ ò rántí àwa tá a ní dírẹ́ẹ̀dì. Tèmi ti gùn dé èjìká.

Ọmọ Kẹ́mísìrì FUTA:
Bọ̀dá, tiyín ò lè ta kókó mọ́, ó ti di kókó tán. Gbígbẹ ni wàhálà tiyín. Àárín dírẹ́ẹ̀dì máa ń di omi mú pẹ́, tẹ́ ẹ bá so ó jọ kó tó gbẹ, tẹ́ ẹ tún fi fìlà dé e, inú ẹ̀ lè bu, òórùn yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ so ó mọ́ra wọn nínú omi kí yanrìn má ráàyè púpọ̀, ẹ ṣan án dáadáa, ẹ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan látòkè wálẹ̀ nínú aṣọ, lẹ́yìn náà ẹ tú u sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, ẹ má sùn lé e ní tútù. Àdí díẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kó pọ̀, torí àti fọ̀ ọ́ jáde nínú dírẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ ni.

Ọmọ Ẹkímọ̀gún:
Háà, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò tiẹ̀ rò ó dé ibi omi ṣíṣan yẹn rí. Ṣé fìlà rọ́bà tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́ yẹn ńkọ́, ṣé kò ní jẹ́ kómi wọlé? Àti pé mo rí i tẹ́nì kan sọ níbòmíì pé tí èèyàn bá fi òróró sórí sínú òòrùn, ńṣe ló ń dín irun ẹ̀.

Ọmọ Kẹ́mísìrì FUTA:
Òróró ò lè dín nínú òòrùn, òòrùn Ìlàjẹ ò gbóná tó ààrò. Ṣùgbọ́n ibi tí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ni pé àdí ò lè dí òòrùn lọ́wọ́, ẹ má torí pé ẹ ti pa àdí kẹ́ ẹ fi orí sílẹ̀ lásán láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́rin, ìgbà yẹn ni ìtànṣán yẹn le jù. Aṣọ ló ń dí i.

Fìlà rọ́bà, kò sí èyí tí omi kì í wọ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń dín in kù, ó sì ń dá yanrìn dúró. Ẹ ra èyí tó jẹ́ sílíkóònù, tó fẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún irun púpọ̀, torí látẹ́ẹ̀sì tó fẹ́lẹ́ yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ irun, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ ọ ó máa mú díẹ̀ dání lọ. Irun ti gbọ́dọ̀ wà ní rírin pẹ̀lú àdí kẹ́ ẹ tó dé e. Tẹ́ ẹ bá sì ti jáde, ẹ bọ́ ọ.

Ẹ má gbàgbé ojú ìlà ìdì yín o, àárín irun méjì níbi tí awọ orí ti hàn. Òòrùn máa ń jó o.

Sísì Alágbàká:
Àwa aláwọ̀ dúdú náà?

Ọmọ Kẹ́mísìrì FUTA:
Dúdú wa ń gbèjà wa díẹ̀, kò ní ká má jó. Ẹni tó bá dirun tó jókòó sójú òòrùn láti àárọ̀, tó bá di alẹ́ kó fọwọ́ kan ojú ìlà ẹ̀ kó wò ó. Ẹ fi ìpara òòrùn díẹ̀ sí i, tàbí kẹ́ ẹ ṣáà ti wé nǹkan.

Onídìrí Ọjà Ọba:
Sìkáàfù sátíìnì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wé, kẹ́ ẹ wá dé akẹtẹ̀ lé e. Ẹ má fi akẹtẹ̀ lásán dé irun, koríko ẹ̀ máa ń fa irun, á sì tún fa ọ̀rinrin gbẹ. Sátíìnì yẹn náà lẹ máa fi sùn lálẹ́ tẹ́ ẹ bá sùn síbẹ̀, torí mi ò mọ irú orí ẹní tí wọ́n máa tẹ́ fún yín.

Ọmọ Ẹkímọ̀gún:
Ó dáa. Nígbà tí mo bá wá padà dé Oǹdó ńkọ́? Ọṣẹ dúdú ni mo máa ń fi fọ irun mi.

Onídìrí Ọjà Ọba:
Ọṣẹ dúdú dáa fún orí tó dọ̀tí, ṣùgbọ́n ó le, ẹ má lò ó lọ́jọ́ yẹn. Irun ti gbẹ láti ọ̀dọ̀ iyọ̀, ẹ tún fẹ́ fi eérú fọ̀ ọ́. Ṣáńpù tí kò le ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má kọ́kọ́ tú gbogbo ìdì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan o, àṣà tí mi ò fẹ́ nìyẹn, èèyàn á tú gbogbo orí, á wá dúró sábẹ́ omi, irun á wá di òkìtì kan ṣoṣo. Ẹ tú ìdì kan, ẹ fi omi ṣan yanrìn jáde nínú ẹ̀ (ẹ máa rí yanrìn, bẹ́ ẹ ti fọ̀ ọ́ tó níbẹ̀), ẹ fi ṣáńpù sí awọ orí, ẹ jẹ́ kí ìfófòó ẹ̀ ṣàn kọjá lórí irun, ẹ má fọwọ́ fọ̀ ọ́ mọ́ra bí aṣọ. Ẹ ṣan án, ẹ fi kọ́ńdísọ́nà bọ̀ ọ́ títí tó máa fi yọ̀, ẹ fi ìka tú kókó tó wà níbẹ̀ látẹnu lọ sókè, kẹ́ ẹ tó wá mú ìyàrun eléyín gbàgìdì. Ẹnu irun lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ o, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ńṣe lẹ̀ ń ti gbogbo kókó lọ síwájú kó lọ di ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán lórí ìyẹn, ẹ dì í padà, ẹ mú òmíì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi kọ́ńdísọ́nà tó nípọn kún gbogbo ẹ̀, ẹ dé ọ̀rá lé e, ẹ lọ jẹun. Tẹ́ ẹ bá ṣan ìyẹn tán, tí-ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lẹ máa fi fún omi ẹ̀ dànù, kì í ṣe táwẹ̀lì. Ibí yìí gan-an lòrí màmá wa wúlò, kó tó gbẹ tán, ẹ fi òrí díẹ̀ sí ẹnu irun, ẹ fi òwú kó o sùn mọ́jú. Tó bá di òwúrọ̀ ó ti nà, iná ò kàn án. Ẹ jìnnà sí díráyà àti ìtẹ́run oníná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀:
Ẹ rí i? Òwú náà lẹ padà bọ̀ sí.

Onídìrí Ọjà Ọba:
Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo kúnlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ 😂

Ọmọ Ẹkímọ̀gún:
😂😂 Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Kòlẹ́sẹ̀ ni màá ṣe, mo ti rí ẹni tó máa bá mi dì í. Ìbéèrè kan péré ló kù: tí mo bá ti ṣan án ní píò wọ́tà níbẹ̀, ṣé fífọ̀ yòókù lè dúró di ìgbà tí mo bá dé Oǹdó lọ́jọ́ kejì? Àbí kí n gbé ṣáńpù lọ?

Ọmọ Ìlàjẹ:
Ó lè dúró, tí ṣíṣan yẹn bá ti wọlé dáadáa. Ẹ má gbé ṣáńpù wá, omi tó máa ṣan an kúrò lẹ ò ní rí. Kọ́ńdísọ́nà díẹ̀ nínú ike kékeré ni kẹ́ ẹ mú, ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìdì lálẹ́ kẹ́ ẹ tó wé sátíìnì, á tì í lẹ́yìn dọjọ́ kejì. Píò wọ́tà, odindi àpò kan ni kẹ́ ẹ rà fún irun tó gùn bẹ́ẹ̀, láti Oǹdó ni kẹ́ ẹ ti rà á, torí iye tí wọ́n máa tà á fún yín létí omi kò ní jọ iye tẹ́ ẹ mọ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ yín sára àpò náà gàdàgbà, mo mọ àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.